Ọmọ mi fẹ́ lọ bá àwọn Sísítà tó ń tọ́jú aláìsàn: ta ni yóò wá tọ́jú èmi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, gàrí àti àgbàdo ni mò ń tà. Ọdún kẹfà rèé tí ọkọ mi ti kú. Àkọ́bí mi, obìnrin, ọmọ ọdún 22, ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Nígbà tó wálé fún Àjíǹde, ó jókòó tì mí, ó ní òun fẹ́ wọ ilé àwọn Sísítà tó ń tọ́jú aláìsàn, pé Camille mímọ́ ni òun fẹ́ tẹ̀ lé. Àbúrò rẹ̀ méjì ṣì wà nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní àbùkù ni, pé ìyàwó òrìṣà pàápàá ń jáde kúrò nílé òrìṣà lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ tàwọn Àgùdà kì í jáde mọ́. Ọmọ Àgùdà ni èmi náà, n kì í pa Mísà ọjọ́ Àìkú jẹ, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Ṣé Ọlọ́run tó ní ká máa ṣàánú ló tún ń gba ọmọ lọ́wọ́ opó? Ṣé àwọn ẹni mímọ́ yẹn náà fi ìyá wọn sílẹ̀ báyìí? Ta ni yóò sin mí?

Ìyá kan ní Kétu

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó gbé bírò. Agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé ìwòsàn tí àwọn Sísítà ń bójú tó ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Ní báyìí, àwọn katikíìsì ni mò ń kọ́ ní ìtàn Ìjọ níbí ní Àjàṣẹ́. Mo ti bá àwọn Sísítà jẹun, mo ti bá wọn jà, mo ti bá wọn sin òkú. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, àtèyí tó dùn àtèyí tó korò.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. N kò rò pé ó yẹ kí ẹ dí ọmọ yín lọ́nà. N kò sì rò pé ó yẹ kí ó lọ lọ́dún yìí. Ìbéèrè tí ẹ bi mí yìí, ìyá lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ó wà nínú Ìwé Mímọ́, ó wà nínú òfin Ìjọ, àwọn ẹni mímọ́ tí ọmọ yín ń dárúkọ náà sì bá a pàdé.

Ká mú Camille fúnra rẹ̀. Bucchianico ní Ítálì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1550. Ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ ti kọjá ti ẹni tí ayé ń retí pé yóò tún gbé ọmọ pọ̀n. Nígbà tí ìyá náà lóyún rẹ̀, ó lá àlá: ó rí ọmọkùnrin kan tí àgbélébùú pupa wà láyà rẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Jìnnìjìnnì bo ìyá. Ó rò pé olórí àwọn ọlọ́ṣà ni òun fẹ́ bí. Ó kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, kò sì sí ohun tí Camille ṣe lójú rẹ̀ tó lè mú ẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó di jagunjagun bíi ti bàbá rẹ̀, ó sì di ọ̀tatẹ́tẹ́. Ó ta tẹ́tẹ́ títí kò fi sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò jinná títí tó fi kú. Ó gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn San Giacomo ní Róòmù kí wọ́n lè bá a wo ẹsẹ̀ ọ̀hún, wọ́n lé e nítorí tẹ́tẹ́. Ó wá ń ru ẹrù fún àwọn mọ́ńkì Capucin tó ń kọ́lé ní Manfredonia. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti yí padà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1575.

Ó bẹ àwọn Capucin pé kí wọ́n gba òun, wọ́n gbà á. Egbò tún ṣí, wọ́n dá a padà sílé. Ó tún lọ, wọ́n tún dá a padà. Ẹ rántí ibi yìí, mo máa padà sí i. Ó wá di ìránṣẹ́ ní San Giacomo níbi tí wọ́n ti lé e lọ tẹ́lẹ̀, ó sì di alábòójútó ibẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ kò jẹ́ kó sùn: àwọn tí wọ́n fowó gbà síṣẹ́ a máa fi aláìsàn sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀, ẹni tó ń kú lọ a máa kú lóun nìkan. Ní 1582 ló bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn èèyàn jọ tí yóò tọ́jú aláìsàn nítorí Ọlọ́run, bí ìyá ṣe ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ yẹn, tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Ní 1586, Pọ́ọ̀pù Sixtus Karùn-ún gbà wọ́n láyè láti máa lẹ àgbélébùú pupa mọ́ àyà aṣọ dúdú wọn.

Àgbélébùú pupa tí ìyá rẹ̀ rí lójú àlá rèé. Ìyá ríran, ìtumọ̀ ìran ni kò yé e. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn òbí nítorí ó sún mọ́ irú ẹ̀rù tó wà nínú lẹ́tà yín: ẹ ti rí nǹkan kan lára ọmọ yín, òótọ́ sì ni ohun tí ẹ rí.

Ti Jean de Dieu, ẹni mímọ́ mìíràn tó tọ́jú aláìsàn, ni yóò dùn yín, n kò sì ní fi pa mọ́. Ní Pọtogí ni wọ́n bí i, ní 1495. Ìtàn rẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó bá àlejò kan kúrò nílé láìdágbére, ìbànújẹ́ sì pa ìyá rẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tó padà délé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kò bá ìyá, kò bá bàbá. Ó gbé ìyẹn lọ́kàn kiri. Nígbà tó ń ta ìwé ní Granada ní Spéènì, ó gbọ́ ìwàásù kan tó gún un débi pé ó ń ké lójú pópó, ó ń fa irun rẹ̀ tu. Wọ́n ní ó ti ya wèrè. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọba, wọ́n dè é, wọ́n ń nà án ní pàṣán, torí ìwòsàn tí ayé mọ̀ fún wèrè nígbà náà nìyẹn. Ìgbà tó jáde, ó gba ilé, ó kó àwọn aláìsàn tó wà nígboro sínú rẹ̀, ó ń fi alẹ́ tọrọ bárà kiri nítorí wọn. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1550 ló kú, oṣù méjì àti díẹ̀ kí wọ́n tó bí Camille. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ló dá ilé ìwòsàn Saint Jean de Dieu sílẹ̀ ní Tanguiéta lókè àríwá wa lọ́hùn-ún, ní 1970. Mo mọ àwọn èèyàn tó ti gba Àjàṣẹ́ gbé ọmọ wọn lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹni mímọ́ wà tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tí ìyá náà sì kú. Ọmọdé tí kò mọ̀ràn ló ṣe é. Ìjọ kò fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tiyín jókòó tì yín, ó sọ ọ́ lójú yín, ó sì ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ẹ má fojú kan náà wò wọ́n.

Ní ti opó àti ọmọ, ẹ ṣí Ìhìnrere Máàkù orí keje. Jésù bá àwọn Farisí wí níbẹ̀ nítorí wọ́n ń gba ọmọ láyè láti sọ fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀ pé Kọ́bánì ni ohun tí òun ì bá fi ràn wọ́n lọ́wọ́, ìyẹn ni pé òun ti fi í fún Ọlọ́run. Jésù ní wọ́n fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Ẹ lè ka ẹsẹ yẹn fún ọmọ yín láìbẹ̀rù. Lórí igi àgbélébùú pàápàá, ó fa ìyá rẹ̀ lé Jòhánù lọ́wọ́ kó tó kú.

Thomas d'Aquin mímọ́ náà mọ ọ̀rọ̀ yìí lára. Nígbà tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní Dominicain, ìyá rẹ̀ rán àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ mú un lójú ọ̀nà, wọ́n sì tì í mọ́lé fún bí ọdún kan. Kò yí ọkàn padà. Síbẹ̀, nígbà tó di olùkọ́ ńlá, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òbí bá wà nínú àìní, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà jẹun, ọmọ kò gbọdọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ lọ wọ ilé ẹ̀sìn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ tì mọ́lé ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Ó jọ mí lójú gan-an.

Ibi tó kan ìnáwó wá rèé, n kò sì ní fi oyin pa á. Bí ọmọ yín bá di Sísítà, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, owó oṣù rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ilé ló ni ín. Kò ní máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù bíi ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ òṣì nìyẹn, ó sì yẹ kí ìyá mọ̀ ọ́n kí ọmọ tó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Mo ti rí ìyá tó rò pé bí ọmọ òun ṣe wọ ilé àwọn ma sœur, ọwọ́ òun ti tẹ owó àwọn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà nígbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tàbí ohun ìní tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ yàtọ̀. Kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́, òfin ní kó yan ẹni tí yóò máa bójú tó ohun ìní rẹ̀ àti ẹni tí yóò máa jẹ èso rẹ̀. Ó lè yàn yín. Kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn, ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìhágún tí òfin ìlú fọwọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní pàtó, torí nígbà mìíràn ohun tí àgbà kò fẹ́ dárúkọ ni ilẹ̀.

Ó ní ẹni tó bá wọlé kì í jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin Ìjọ tí Pọ́ọ̀pù Jean-Paul Kejì gbé jáde ní 1983 kò fàyè gba kí wọ́n fi ipá tàbí ẹ̀tàn mú ẹnikẹ́ni wọ noviciat, ìyẹn àkókò ẹ̀kọ́ àti ìdánwò kí èèyàn tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Àwọn alágbà ilé náà kò sì gbọdọ̀ gba ẹni tó jẹ gbèsè tí kò lè san. Ọmọ yín yóò kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ wọn fúngbà díẹ̀ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí òun náà mọ̀ wọ́n. Noviciat yóò tẹ̀ lé e, kò sì gbọdọ̀ dín ní oṣù 12. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọjọ́ tó bá wù ú ló lè gbé àpò rẹ̀ kó máa bọ̀ ní Kétu. Àwọn náà lè dá a padà, bí wọ́n ṣe dá Camille padà, kò sì sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn noviciat, ẹ̀jẹ́ onígbà díẹ̀ ni, kì í dín ní ọdún 3, wọ́n sì lè fà á títí dé ọdún 9. Bí àkókò rẹ̀ bá pé tí kò fẹ́ tún un jẹ́, ó parí nìyẹn. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ẹ̀jẹ́ títí ayé. Nínú ìgbéyàwó tiwa ńkọ́, ta ló fún wa ní irú ọdún wọ̀nyẹn kí a fi wo ilé ọkọ?

Àwọn kan tún wà tí kì í jẹ́ ẹ̀jẹ́ títí ayé rárá. Àwọn Ọmọbìnrin Ìfẹ́ tí Vincent de Paul àti Louise de Marillac dá sílẹ̀ ní Páríìsì ní 1633, ọdọọdún ni wọ́n ń tún ẹ̀jẹ́ wọn jẹ́ títí dòní. Opó ẹni ọdún 42 ni Louise lọ́dún náà, ó sì ní ọmọkùnrin kan. Ṣáájú tiwọn, inú ògiri ni wọ́n ń ti ọ̀pọ̀ obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ mọ́, ìta kì í rí wọn. Vincent ní ilé àwọn aláìsàn ni yóò jẹ́ ilé ẹ̀sìn fún tirẹ̀, ìgboro ìlú ni yóò sì jẹ́ ọgbà wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí Sísítà lórí ọ̀kadà lónìí, tó ń gbé oògùn lọ sí abúlé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Orúkọ kan náà ni àwa tí à ń sọ Faransé níbí ń fún ilé méjèèjì, couvent lèyí, couvent lọ̀hún, ó sì bọ́gbọ́n mu kí àgbà fi ọ̀kan wo èkejì. Ní Kétu pàápàá, ìlú tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, tí ọkùnrin ń fi gèlè wérí láti jó fún àwọn ìyá wa, kò sí bí ọ̀rọ̀ obìnrin tí kò ní bímọ ṣe lè fúyẹ́ lẹ́nu. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí orúkọ má parẹ́. Ẹ bá mi bi í pé ta ni Thomas Mouléro. Nínú gbogbo ọmọ Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe orílẹ̀-èdè wa nígbà náà, òun ló kọ́kọ́ di Fadá, ní 1928, ọmọ Kétu sì ni. Kò fẹ́yàwó. Òun ló sì jókòó tó kọ ìtàn Kétu àti ti àwọn ọba ibẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń rí nǹkan gbá mú títí dòní.

Ẹ tún rán an létí ogun. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun ọba Dahomey tú Kétu, wọ́n kó àwọn tó ṣẹ́ kù lẹ́rú lọ sí Abọ́mẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí agboolé kan ní Kétu tí kò ní ẹni tó lọ tí kò bọ̀. Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn katikíìsì tó wá láti ọ̀dọ̀ yín, mo máa ń sọ ìtàn àwọn kan tí Pierre Nolasque kó jọ ní Barcelona ní 1218. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ra àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú padà. Wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ mẹ́ta tí gbogbo ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ń jẹ́, ìyẹn òṣì, ìwà mímọ́ àti ìgbọràn, wọ́n sì fi ẹ̀kẹrin lé e: bí owó kò bá tó, àwọn yóò dúró sílẹ̀ fún ẹni tó ni ẹrú kí ẹrú lè máa lọ sílé. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn. Ìwọ̀fà ni. Wọ́n fi ara wọn ṣe ìwọ̀fà nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá àgbà kan láti Kétu tó wà ní kíláàsì mi lọ́jọ́ kan dìde nígbà tó gbọ́ ọ, ó jáde síta. Ìgbà tó wọlé padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ẹ̀jẹ́ kẹrin wà fún àwọn ọmọlẹ́yìn Camille náà: pé àwọn yóò tọ́jú aláìsàn bí àìsàn ọ̀hún bá tilẹ̀ lè pa àwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú nínú àjàkálẹ̀ àrùn. N kò lè sọ fún yín pé iṣẹ́ tí ọmọ yín fẹ́ ṣe kò léwu. Ẹ̀ka tàwọn obìnrin nínú ìdílé Camille, Giuseppina Vannini ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Fadá Luigi Tezza ní Róòmù ní 1892. Ọmọ òrukàn ni Giuseppina. Ilé ẹ̀sìn tó kọ́kọ́ wọ̀ dá a padà nítorí àìlera, ó sì di ẹni mímọ́ ní 2019.

Ẹ tún béèrè, láàárín ìlà, bóyá kò lè ṣàánú kó sì lọ́kọ. Ó lè ṣe é. Françoise mímọ́ ti Róòmù wà nílé ọkọ fún ogójì ọdún, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ àwọn aláìsàn. Kí n tilẹ̀ máà lọ jìnnà, ẹ gbọ́ ti Grégoire Ahongbonon. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ẹ̀bá ààlà Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí ní 1952. Ó lọ sí Ivory Coast, ó ń ṣe iṣẹ́ táyà ní Bouaké, ó lówó, ó ra takisí lóríṣiríṣi. Gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó pa ara rẹ̀. Lẹ́yìn tó ti Jerúsálẹ́mù bọ̀ ní 1982, òun àti àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí lọ gbàdúrà fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, wọ́n rí àwọn tí kò sí ẹni tó ń sanwó oògùn wọn, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń bọ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ ṣí sí àwọn wèrè tó wà ní ìhòòhò nígboro, àti àwọn tí wọ́n dè mọ́ igi nínú abúlé, tí wọ́n kan ẹsẹ̀ wọn mọ́ ìtì igi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń tú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tó fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Saint Camille. Ó ní ìyàwó, ó sì bímọ. Kì í ṣe Fadá, kì í ṣe dókítà. Nínú àwọn ilé rẹ̀, ẹni tí wọ́n tú lókùn lánàá lè di ẹni tó ń pín oògùn lọ́la. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ọ̀hún wà ní Avrankou, tí kò jìnnà sí wa níbí.

Kí ló wá dé tí àwọn kan tún ń jẹ́ ẹ̀jẹ́? Ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ mi nìyí. Nínú èdè wa, ẹnu wa máa ń sọ pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Àánú ló ń ṣe èèyàn, kì í ṣe èèyàn ló ń pè é wá. Ó lè ṣe ẹ́ ní òwúrọ̀ kó má ṣe ẹ́ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Èmi agbẹ̀bí lọ́kọ, mo ní ọmọ mẹ́rin. Tí agogo bá lù, ilé ni mò ń sáré lọ, ọkàn mi sì ti wà lórí iná ọbẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. N kò kábàámọ̀ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní òru, tí obìnrin kan ń kú lọ tí kò sì ní ará, Sísítà tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù ló máa ń dìde. Ẹ̀jẹ́ ló ń jí i, ì báà jẹ́ pé àánú ti rẹ̀ ẹ́. Mo rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gbà pé ibi kan wà tí aláìsàn kò lè fi gbára lé àánú ẹni tó ní ilé tirẹ̀ láti sáré lọ.

Ta ni yóò sin yín? Àbúrò ìyá mi di Sísítà nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá ìyá mi kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì gbáko. Nígbà tí ìyá àgbà wá dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ni wọ́n fún láyè láti wá bá a gbé, nítorí àwa yòókù wà lọ́jà, a wà níbi iṣẹ́, ọmọ wà lẹ́yìn wa. Oṣù mẹ́rin ló fi wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn Sísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kún inú bọ́ọ̀sì kan wá, wọ́n kọrin títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn ará àdúgbò ń bèèrè pé ta ni ìyá tó ní ọmọbìnrin tó pọ̀ tó báyìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo mọ ilé ẹ̀sìn kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí ìwé ìyọ̀ǹda pẹ́ lórí tábìlì títí ìyá ọmọ ọlọ́mọ fi kú kó tó délé. Mo bínú sí wọn nígbà náà, mo ṣì ń bínú sí wọn. Òfin gba Sísítà láyè láti kúrò nílé pẹ̀lú ìyọ̀ǹda, títí dé ọdún kan pàápàá bí ìdí bá tó. Nítorí náà, ẹ lọ bi Ìyá Àgbà ilé tí ọmọ yín ń wò, lójúkojú: bí mo bá ṣubú lulẹ̀ lóru, ọjọ́ mélòó ni ọmọ mi yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi? Ṣé Bíṣọ́ọ̀bù mọ̀ yín? Bí ọmọ mi bá ṣàìsàn, ta ló ń sanwó rẹ̀? Ilé tó bá ń bínú sí ìbéèrè ìyá, kí ọmọ yín wá òmíràn.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó parí ìwé nọ́ọ̀sì rẹ̀. Kí ó ṣiṣẹ́ bí ọdún mẹ́ta, kí ó fi gbé àwọn àbúrò rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti lè dúró, kí ẹ̀yin náà rí nǹkan fi kún ọjà yín. Láàárín ìgbà náà, kí ó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn Sísítà lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa wo ara wọn. Ọlọ́run tó dúró de Camille títí tó fi ta gbogbo ohun tó ní sí tẹ́tẹ́ kò ní kọ ọmọ tó ń sanwó ilé ìwé àbúrò rẹ̀. Bí ìfẹ́ yẹn bá kú láàárín ọdún mẹ́ta, ìdáhùn yín dé. Bó bá sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó mú un lọ.

Kó tó dìgbà náà, ẹ wá sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọjà kò bá sí. Ẹ jẹ́ kó mú yín lọ sí Avrankou, kó béèrè àyè láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Kí ẹ wá ibì kan jókòó sí lábẹ́ igi, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń fọ ẹsẹ̀ ẹni tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ti jẹ. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ láti kékeré, ẹ mọ ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ torí kí wọ́n lè yìn ín, ẹ sì mọ ìgbà tí kò rántí pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà tí ẹ bá délé, ẹ sọ èyí tí ẹ rí fún mi.